Ohun Tó Ń Pa Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Bàbá Mi Lórí Òkè

Mo kéré nígbà náà, n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n etí mi kò kéré. Mo sọ èyí ṣáájú nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ilé wa fi ń pa mí lẹ́nu mọ́ láti ọjọ́ yìí wá: "Ọmọdé ni ọ́ nígbà náà, kí lo rántí?" Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, mo rántí. Mo rántí àwọ̀ ọkọ̀ náà, mo rántí ibi tó máa ń kú sí, mo rántí ohun tí olúkúlùkù wí àti ẹni tó kọ́kọ́ wí i. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà tún sọ fún yín pé ayé ló pa àbúrò mi.

Ayétòrò ni a ń gbé. Bàbá mi ní píkọ́ọ̀pù kan tó ti dàgbà kí ó tó rà á, funfun ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n eruku ọ̀nà ti sọ ọ́ di àwọ̀ gàrí. Ìwòyè-Kétu ló ti máa ń lọ ra àgbàdo àti ata gbígbẹ lọ́jọ́ ọjà, yóò kó o gba Ayétòrò kọjá, yóò sì kó o lọ tà ní Abẹ́òkúta. Bí ilé ìwé bá ti wọ ìsinmi, èmi àti ìyá mi a jókòó síwájú pẹ̀lú rẹ̀, èmi láàárín, níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì ti máa ń jó èèyàn ní ojúgun. Mo fẹ́ràn ìjókòó yẹn ju gbogbo ohun tí mo ní láyé lọ. Láti ibẹ̀ ni mo ti mọ ohùn ọkọ̀ náà bí ẹni mọ ohùn ìyá rẹ̀.

Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ òkè, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n òkè kan wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta nígbà náà tó gùn, tó sì ní kọ́nà méjì, igbó sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá gbé ẹrù níláti bẹ̀rẹ̀ sí í múra láti ìsàlẹ̀. Lórí òkè náà gan-an ni ilé kan wà, ilé alámọ̀ onípáànù, lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá àgbàlagbà kan ló ń dá gbé ibẹ̀. Ó ń ta igi ìdáná, ó sì máa ń pọn omi sínú amù mẹ́ta sẹ́yìn ilé, nítorí ibẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ti máa ń bèèrè omi sí ráádíétọ̀ bí ọkọ̀ wọn bá ti gbóná. Kì í gba nǹkan kan lórí omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bí epo bẹntiróòlù ṣe rí ní ẹnubodè wa kò ṣàjèjì sí yín. Àwọn ará òdìkejì ń pè é ní ẹ̀sáǹsì, wọ́n sì ń fẹ́ ẹ lójú méjèèjì, ìdí nìyí tí àwọn kan fi sọ fífa epo nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ di iṣẹ́. Bí o bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní Ìwòyè láàárọ̀, o lọ ra ọjà, wọn á ti rọ́bà bọ inú táńkì rẹ, wọ́n á fi ẹnu fà á, kẹ́ẹ̀gì á kún, kẹ̀kẹ́ á sì gbé e gba ọ̀nà igbó lọ. Lọ́jọ́ ọjà kan, bàbá mi padà dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó bá táńkì ní gbígbẹ táútáú. Inú bí i débi pé kò jẹun títí a fi délé.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá wẹ́dà kan ní àdúgbò wa. Ó ní kí ó ṣe ìdérí táńkì tuntun fún òun, èyí tí olè kankan kò ní lè ṣí. Wẹ́dà gé irin tó nípọn, ó fi rọ́bà inú táyà lọ́rì tẹ́ abẹ́ rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ó gbé ọ̀pá irin kọjá lórí rẹ̀, ó sì fi àgádágodo dè é. Mo wà níbẹ̀. Ìdérí àtijọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo fi ń ṣeré, ihò kékeré kan sì wà láàárín rẹ̀ tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Bàbá mi wò ó, ó ní, "Wò ó, ìpẹtà ti jẹ eléyìí." Wẹ́dà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èyí tí mo ṣe fún yín yìí, bàbá, èémí gan-an kò lè gba ibẹ̀ kọjá." Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Ó yìn ín. Ó sì gba ìdérí àtijọ́ lọ́wọ́ mi, ó jù ú sórí àkìtàn.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni nǹkan kejì ṣẹlẹ̀. Bí a ti ń gun òkè yẹn lọ, ìyá orí òkè dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú ìdì igi ìdáná, ó na ọwọ́ pé kí a jọ̀ọ́ gbé òun dé Abẹ́òkúta. Bàbá mi tẹ fọ́ọ̀n, kò dúró. Ní ti èyí, n kò bá a wí, ẹni tó bá gbé ẹrù kì í dúró láàárín òkè. Ìyá náà kò bú wa, kò ṣẹ́wọ́ sí wa. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń wò wá lọ.

Nǹkan méjì lọ́sẹ̀ kan: a dí ẹnu táńkì pa, a sì kọjá lára ìyá arúgbó kan. Ẹ ó rí èyí tí àwọn àgbà ilé wa mú nínú méjèèjì.

Ìrìn tó tẹ̀lé e, a ti gun òkè náà dé kọ́nà kejì kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọkọ̀ fò sókè bí ẹṣin tí kòkòrò ta, ó rọra dákẹ́, ó sì kú. Ìyá mi bọ́ sílẹ̀, ó fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Bàbá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò rí nǹkan kan. Ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn olè epo, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó ṣí ìdérí táńkì láti ti igi bọ̀ ọ́ wò. Bó ti ṣí i ni mo gbọ́ ohùn kan láti inú rẹ̀, fììììì, bí ìgbà tí ọmọ tó ti sunkún pẹ́ bá fa èémí sínú. Epo kún inú rẹ̀. Ó dé e padà, ó tì í, ó gun òkè lọ bá ìyá náà pé kí ó bun òun lómi. Ìyá náà bu omi, òun fúnra rẹ̀ ló gbé igbá náà wá, ó ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó ti gbóná ni." A da omi sí ráádíétọ̀. Bàbá mi ṣe bísímílà, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ sì jí lẹ́ẹ̀kan náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, ní ibi kan náà. Yóò kú, bàbá mi yóò ṣí táńkì wò, yóò tì í, yóò lọ gba omi lọ́wọ́ ìyá, ọkọ̀ yóò sì gbéra. Nínú gbogbo ìyẹn, ohun tí wọ́n rí ni pé ìgbà tí ìyá náà bá dé ni ọkọ̀ máa ń jí.

Wọ́n gbé e lọ bá mẹkáníìkì ní Ayétòrò. Mo fẹ́ kọ iṣẹ́ tí ọkùnrin yẹn ṣe sílẹ̀. Ó tú kábúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò wa ọkọ̀ náà yí pápá ilé ìwé ká lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì kígbe pé, "Ó ti tán!" Pápá ilé ìwé! Ọkọ̀ tó ń kú lórí òkè, orí ilẹ̀ tó tẹ́jú bí ẹní ló ti ń dán an wò. Kò fìgbà kan sọ pé kí a jọ lọ gun òkè náà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ sú u, ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó ní, "Bàbá, ọkọ̀ yìí kò ní àrùn kankan. Ẹ yẹ ilé yín wò." Ì bá ti sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Gbólóhùn kan péré ni, kì bá ti pa á lára.

Ìyá bàbá mi, ìyá àgbà tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ló gbé ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì náà délé. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ní kí a ro gbogbo rẹ̀ fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá mi dárúkọ ọjọ́ igi ìdáná.

"Ẹ ò gbé e?"

"A kò gbé e, Màmá."

"Kí ló wí?"

"Kò wí nǹkan kan."

"Háà," ni ìyá àgbà wí, ó sì pa àtẹ́wọ́. "Ẹni tó bá ṣépè fún ọ ti tu gbogbo inú rẹ̀ síta. Ẹni tí kò wí nǹkan kan ni kí ẹ bẹ̀rù."

Ẹ gbọ́ irú ẹ̀rí yẹn o. Bí ìyá orí òkè bá sọ̀rọ̀, ó ti jẹ̀bi. Bí ó bá dákẹ́, ó jẹ̀bi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, wọ́n so tírà mọ́ dígí ọkọ̀. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú mi bí a bá ti dé ìsàlẹ̀ òkè, kí ìyá náà má baà rí ojú mi. Bí ọkọ̀ bá kú, kì í tún ṣe omi nìkan ni bàbá mi ń lọ bèèrè mọ́. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi níbi tí ó dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tú u sílẹ̀."

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. "Kí n tú kí ni sílẹ̀? Ṣé èmi ni mo so ó? Ẹ ti kẹ́rù pa ọkọ̀ arúgbó, ẹ wá ń bẹ arúgbó bíi tirẹ̀." Ó bu omi fún un. "Ẹ dìde jàre, ẹ má jẹ́ kí èrò rí yín."

Ọ̀rọ̀ àwàdà ló sọ. Nígbà tí ó dé ilé wa, ó ti di pé ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó sọ pé bíi tòun ni ọkọ̀ náà rí. Ẹnu ìyá àgbà ni ó ti yí padà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó yí i.

Èmi náà sọ ti èmi. Mo lọ bá bàbá mi níbi tó ti ń fọ ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, mo ní, "Bàbá, bí ẹ bá ṣí táńkì, ó máa ń fa nǹkan sínú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀." Ó ní, "Ta ló bi ọ́?" Ìyá mi pè mí wọlé, ó fa etí mi, ó ní ọmọbìnrin kì í ti ojú bọ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì.

Ọyẹ́ ti mú gan-an nígbà tí gìrì mú àbúrò mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orin í kọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì mọ̀ láti fi kọ gbogbo orin. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ yí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fò. Àwọn olùtọ́jú tó wà nítòsí ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe, wọ́n ní kí a tètè gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Kò sí ẹrù nínú ọkọ̀. Àwa mẹ́rin péré ni: bàbá mi nídìí ọkọ̀, èmi láàárín, àbúrò mi lórí ẹsẹ̀ ìyá mi. Bàbá mi kò sáré bẹ́ẹ̀ rí. Bí ó sì ti ń sáré tó ni ẹ́ńjìnnì ń mu epo tó, bí ó ti ń mu epo tó ni inú táńkì ń le tó. N kò mọ èyí nígbà náà. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni pé ohùn ẹ́ńjìnnì ti ń tínrín láti ìsàlẹ̀ òkè, ó ń tínrín bí ohùn ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn.

Kò dé kọ́nà kejì lọ́jọ́ náà. Kọ́nà àkọ́kọ́ ló kú sí.

Mo ń fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ ka ibí yìí. Ní gbogbo ìgbà tó ti kú ṣáájú, bàbá mi máa ń ṣí táńkì wò. Lọ́jọ́ náà, kò ṣí i. Kí ló tún fẹ́ ṣí i sí? Ó ti mọ ẹni tó ń pa á. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sáré gun òkè lọ, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sọ́nà, kò padà mú un. A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: "Màmá, ẹ tú u sílẹ̀! Ọmọ mi ni! Ẹ tú u sílẹ̀!"

Ìyá náà sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú igbá omi. Ó kọjá lára bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wá sí ọ̀dọ̀ ọmọ. Ó fi aṣọ bọ omi, ó fẹ́ tẹ́ ẹ sí i lórí, ó ní, "Ẹ bọ́ gbogbo aṣọ yìí kúrò lára rẹ̀. Ẹ fi ọkọ̀ yìí sílẹ̀, ẹ gbé ọmọ bọ́ sójú ọ̀nà, ẹ dá ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé dúró." Nínú gbogbo àgbàlagbà tó wà lórí òkè náà, òun nìkan ló sọ ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀. Ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gbá igbá náà dànù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ara bo ọmọ, ó ń kígbe pé kó má fọwọ́ kàn án.

Bàbá mi wọ inú ọkọ̀, ó ń yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbà. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣí táńkì." Ó tún yí i. Mo tún ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí táńkì." Ó gbá mi létí láìwò mí, ó tún yí i, ó ń yí i títí bátìrì fi kú. N kò tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Kọ́kọ́rọ́ táńkì wà lára ìdì kọ́kọ́rọ́ tó so rọ̀ níwájú mi, ọwọ́ mi sì tó o. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kọ ẹ̀bi ẹlòmíràn kí n fo tèmi.

Nígbà tí lọ́rì kan tó gbé yanrìn dé, ó gbé wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tìtorí rẹ̀ gbé wa ti dákẹ́.

Ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, àwọn ọkùnrin àdúgbò wa lọ sí orí òkè. Ọ̀sán gangan ni, ẹnikẹ́ni kò fi ojú pamọ́. Wọ́n fọ́ amù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ṣí páànù ilé náà, wọ́n sọ fún un pé bí oòrùn bá tún là bá a níbẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí kí ó fara mọ́ ọn. Bàbá mi tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní kò fọwọ́ kan nǹkan kan, pé ó kàn dúró ni. Mo ti gbọ́ ìyẹn tó ìgbà ọgọ́rùn-ún, bí ẹni pé ó jẹ́ ìyìn.

Ayétòrò ni ìyá náà gbà kọjá ní ọjọ́ kejì, ó ń lọ sí ìhà Ìmẹ̀kọ. Ẹrù kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń hó tẹ̀ lé e, àwọn àgbàlagbà dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, kò sí ẹni tó bá wọn wí. Èmi wà lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú korobá omi. Ó rí mi, ó dá mi mọ̀, ó sì dúró. Ẹ̀rù bà mí pé yóò bú mi. Ó ní, "Ìyá ẹ ńkọ́? Ṣé ó ti ń jẹun?"

Mo gbé korobá mi, mo sá wọlé. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí bàbá mi gbé ọkọ̀ náà lọ sí Ìlaro, ó fẹ́ tà á. Èmi ló bá a lọ. Mẹkáníìkì tí ẹni tó fẹ́ rà á mú wá láti yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó wà á lọ jìnnà, ó wà á bọ̀, kò pa á, ó ní kí bàbá mi ṣí táńkì. Ohùn yẹn tún dún, fììììì. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá! Ta ló dí ọkọ̀ yìí nímú báyìí?"

Ó mú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, ó fi ẹnu bò ó pátá, ó ń fà á, ó sì fihàn wá bí ohun inú rẹ̀ ṣe ń dúró bí afẹ́fẹ́ kò bá rọ́nà wọlé rọ́pò rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni táńkì rí. Bí epo ṣe ń jáde, ó yẹ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé. Bí kò bá wọlé, táńkì yóò máa fa epo rẹ̀ padà mọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ìwọ̀nba ni ẹ́ńjìnnì ń mu, ó lè máa fara dà á. "Àmọ́ bí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí òkè, òùngbẹ ńlá á gbẹ ẹ́, kò sì ní rí mu. Á kú. Bí ẹ bá ti ṣí ìdérí yìí báyìí, á jí." Ó gbé ìdérí náà lọ sídìí ẹ̀rọ, ó lu ihò kan sí i láàárín, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Bí ẹni tí ń já ewé ni gbogbo rẹ̀ ṣe yá tó.

Bàbá mi bọ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní òun kò ta ọkọ̀ mọ́. Lójú ọ̀nà, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a wọ Ayétòrò, ó dá ọkọ̀ dúró, ó wò mí tààrà. Ó ní, "Ohun tí a gbọ́ ní Ìlaro, Ìlaro ló ń gbé."

Ọkọ̀ náà kò tún kú lórí òkè mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gùn ún pẹ̀lú ẹrù, ó ń kọjá lára ilé tí kò ní òrùlé. Ohun tí àwọn èèyàn sì ń sọ nìyí: "Ẹ ò rí i? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e lọ, ṣé ọkọ̀ tún kú?" Ihò tó yẹ kó dá ìyá náà láre ló wá di ẹ̀rí tí wọ́n fi ń dá a lẹ́bi, bàbá mi sì ń gbọ́ ọ, ó ń dá wọn lóhùn pé, "Ọlọ́run tóbi."

Mo lọ sí yunifásítì, mo kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ físíìsì, mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa afẹ́fẹ́ àti agbára rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí mo wálé, mo bi bàbá mi léèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́. Ó ti darúgbó. Ó ní, "Sọ ọ́ fún ta? Ṣé kí n sọ fún ìyá rẹ pé èmi ni?" Mo ní èsì fún un báyìí: bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi lo ìyókù ayé rẹ̀, ó ń gégùn-ún fún obìnrin tó gbé omi wá fún ọmọ rẹ̀. Kò mọ̀ títí ó fi kú. Nígbà tí bàbá mi náà kú, wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan níbi àdúà rẹ̀, wọ́n pè é ní olódodo, èmi náà sì wà níbẹ̀, mo ṣe àmín.

Mo wá ìyá náà. Mo dé Ìmẹ̀kọ, mo dé Ìwòyè, mo sọdá lọ sí ìhà Kétu. Àwọn tí mo bi ń bi mí padà pé kí ni wọ́n ń pè é, láti ilé ta ni. N kò mọ̀. Mo ní ó ń ta igi ìdáná, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mélòó ni kò ta igi ìdáná?

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Wọ́n ti gé orí òkè yẹn sílẹ̀, wọ́n ti da ọ̀dà sí i, ẹni tí kò bá mọ̀ kò ní mọ̀ pé òkè kan wà níbẹ̀ rí. Àwọn mẹkáníìkì òde òní ń ki ẹ̀rọ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yóò sì sọ ibi tó ń dùn ún. Síbẹ̀, kò tíì pẹ́ tí ọmọ àbúrò bàbá mi kan ra ọkọ̀ àlòkù, ó ń wà á lọ sí ìhà Jọ́ọ̀sì, ó sì ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní gbogbo orí òkè. Ó kọ ọ́ sórí fóònù, sínú ẹgbẹ́ tí gbogbo mọ̀lẹ́bí wà. Kò tó wákàtí kan tí ẹnì kan fi dárúkọ opó tó ń gbé ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ẹlòmíràn fi kún un pé, "Ẹ rántí ohun tó ṣe ọmọ bàbá wa lórí òkè láyé àtijọ́." Wọ́n ń lo àbúrò mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Mo kọ ọ́ sí wọn pé kí wọ́n lọ yẹ ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wò kí wọ́n tó yẹ èèyàn wò. Wọ́n ní Àǹtí Tíṣà ti dé. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ gbogbo rẹ̀ síhìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìlaro. Bàbá mi ló tì í pa, ìyá àgbà ló pe ẹjọ́, mẹkáníìkì Ayétòrò ló ti ilẹ̀kùn ìmọ̀, àdúgbò ló dájọ́, èmi sì dákẹ́ títí orí mi fi funfun. Ariwo ni gbogbo wa fi lé e lọ. A kò gbọdọ̀ fi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ dá a láre.

Ọdún púpọ̀ la fi mu omi rẹ̀. Ó bi mí léèrè ìyá mi lọ́jọ́ tí a lé e. Kò sì sí ẹnì kan nínú ilé wa, láti orí bàbá mi dé orí èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, tó bi í léèrè rí pé, "Màmá, kí ni orúkọ yín?"